Kọ́bọ́ọ̀dù Igi Àpá

Láti Kétu ni wọ́n ti gbé e wá
lórí ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ àti òbúkọ mẹ́ta,
kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi,
igi àpá, ilẹ̀kùn méjì, dígí kan tó ti ń fọ́jú.
Nígbà tí a pín ogún, ẹ̀gbọ́n mi mú ilé,
àbúrò mi mú ẹ̀rọ ìránṣọ,
wọ́n ní kí n mú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé.

“Òkè kelòó?” Dòsú bèèrè ní Wàńdó,
ọwọ́ rẹ̀ lórí ọmọlanke.
Mo ní òkè kẹta.
Ó wòkè, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wò mí
bí ẹni tó ń wo onígbèsè.
“Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ńkọ́?”
Ẹ̀rín pa mí. Nínú ilé tí omi gan-an
ń jókòó sínú garawa kó tó gun àtẹ̀gùn?
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fàránkà la ti jọ sọ;
nígbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn, ó ti di mẹ́fà.
Mo ní mẹ́rin. Ó ní ẹ̀yìn òun kì í ṣe ti ìjọba.
A parí rẹ̀ sí márùn-ún, pẹ̀lú gàrí àti omi tútù.

Ráúfù wà lókè, ó ń fà.
Dòsú wà nísàlẹ̀, ó fi orí gbè é.
Kọ̀jó, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, wà láàárín,
a ò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.
Ègùn ni wọ́n fi ń pariwo,
Yorùbá ni wọ́n fi ń bú ara wọn,
Faransé ni wọ́n fi ń ṣírò owó.

Òkè kìíní, wọ́n kọjá. Ó họ ògiri onílé.
Òkè kejì, níbi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́rí padà,
igi àpá ní ó tó gẹ́ẹ́.
Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n nà án ró,
wọ́n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀,
wọ́n yọ bàtà tiwọn, wọ́n yọ ẹ̀wù.
Òun fúnra rẹ̀ kò yọ.

Mo pe Gbàdàmọ́sí tó kàn án, ní Kétu.
Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
“Ta ló sọ fún ọ pé ó gba ẹnu ọ̀nà rí?
Bàbá rẹ kò tíì ṣe òrùlé nígbà tí mo kàn án.
Ilé la kọ́ yí i ká, ọmọ mi.
Ògiri wo ni wọ́n wó kí wọ́n tó gbé e jáde?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n wó ògiri.

Ilẹ̀ ṣú. Ó dúró síbẹ̀ bí ọlọ́pàá ẹnubodè,
àwọn ará ilé ń fa ikùn sínú kí wọ́n tó kọjá,
Dòsú jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.
Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn Ìyá Sènámì ṣí.
Ọdún mẹ́rin, a ò kí ara wa,
nítorí omi tó kán láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi
sórí aṣọ funfun rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú kan.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí náà, ó rí ojú ara rẹ̀.
“Ẹ gbé e síbí,” ó ní.
“Àyè tirẹ̀ ti ṣófo
láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kó ẹrù lọ.”
Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹni tó mọ̀nà.
Dòsú gba owó rẹ̀ pé. Ó ní òkè tó kù,
kí n bi ẹni tó ya àwòrán ilé.

Nítorí náà, ní àfẹ̀mọ́júmọ́,
kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù,
mo máa ń ró ìró sọ̀ kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn.
Á ṣí i pẹ̀lú pákò lẹ́nu.
Tèmi lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì,
òórùn kánfọ̀ ìyá mi láàárín.
Iná kì í sábà sí ní àkókò yẹn.
Lánàá, ẹ̀wù rẹ̀ ni mo wọ̀ lọ láìmọ̀.
Ó tóbi díẹ̀ ní èjìká.