Ìwé Ọdẹ Tí Mo Rà ní Tákíè

Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni mo rà á,
lórí táńpólì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta bàtà òkìrìkà ní Tákíè.
Àwòrán iwájú rẹ̀ ló mú mi:
ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dẹ́lífínì fa ọrun,
òṣùpá pupa lẹ́yìn rẹ̀,
ọkùnrin kan tó funfun bí ẹ̀kọ àná
dúró sínú òkùnkùn, eyín rẹ̀ gùn bí eyín òkété.
Mo ní, ó tán, òru òní ti rí oúnjẹ.

Nítorí òru ni iṣẹ́ mi.
Èmi ni mo ń ṣọ́ firíìjì ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù,
tí mo ń ka àpò inú rẹ̀ bí ẹní ń ka ẹyin adìẹ:
Ó méjì, Bíì kan, Éè kò sí rárá.
Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣe wèrè,
èmi ni mo ń gbé yìnyín sáré.
Ta ló tún yẹ kó ka ìwé amùjẹ̀?

Mo ka ojú ewé ogún. Ọfà wà lápò.
Mo ka ọgọ́ta. Ó ń sunkún.
Ní ọgọ́rùn-ún ó bá amùjẹ̀ pàdé nínú ilé àwókù,
ó ní ojú rẹ̀ dà bí omi òkun lálẹ́,
ó sọ ọrun nù.
Láti ìgbà náà, ẹnu ni wọ́n ń fi ko ẹnu,
orí kẹtàlá, orí kẹrìnlá, orí kẹẹ̀ẹ́dógún,
amùjẹ̀ tí kò mu ohunkóhun!
Ó ní òun ń gbààwẹ̀ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìfẹ́.

Ẹ gbà mí.
Ìlú tí a fi orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ sọ lórúkọ ni wọ́n bí mi sí.
Ọdẹ tó gé orí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni
pé ojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ dà bí omi òkun.
Bàbá mi, Ọdẹ́yínká, tó ń fi ṣakabùlà ṣọ́ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n,
kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ létí wa rí.
Ikọ́ ló máa ń wú lábẹ́ fèrèsé láago mẹ́ta òru,
ìyá mi á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á sùn.

Mo wà ní ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá
nígbà tí ọkùnrin kan já wọlé,
Láòṣebíkan, ọlọ́kadà,
eruku Arówómọ́lẹ̀ ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
Aya rẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá.
Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò: Ó ni, bíi ti aya rẹ̀.
Ó rí abẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ.
Ó ní, "Àǹtí, láti kékeré ni nǹkan yìí ti ń bà mí lẹ́rù."
Ó kọjú sí ògiri. Ó na apá.
Àpò kan kún. Ó ní, "Ṣé kò gba òmíràn?"
Mo ní kò ṣe é ṣe, bàbá ìkókó.
Ló bá rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn,
mo sì fi ìwé amùjẹ̀ fẹ́ ẹ lójú
títí ó fi bèèrè aya rẹ̀.

Owó mi tó jẹ nìyẹn, mo dárí jì í.
Ẹ má bi mí bóyá mo kà á tán.
Mo kà á tán. Aago márùn-ún ni,
obìnrin náà ti ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná lókè.
Dẹ́lífínì fẹ́ amùjẹ̀, wọ́n kó lọ sétí òkun.
Wọ́n ní apá kejì ń bọ̀.
Mo mọ ara mi.
N ó rà á.