Sítáǹbù Méje

Ọdún méjì péré ni wọ́n fún Thurlow Beckstrom,
ìyẹn ìgbà tí ọmọ fi ń já lẹ́nu ọmú:
oníṣègùn màlúù ará Nebráskà,
tí apá rẹ̀ ti wọ inú abo màlúù dé èjìká
lóru òtútù, nígbà tí ọmọ bá dábùú.

Kò wá ipò. Wọ́n ní kó jáde
torí ó mọ orúkọ gbogbo ajá ìlú.
Ìbò mọ́kànléláàádọ́rin ló fi borí.
Hedvig aya rẹ̀ pààrọ̀ bọ́tìnnì kóòtù ìgbéyàwó,
wọ́n wọ rélùwéè, ó di Wáṣíńtìnì.

Yàrá wa wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí páìpù ti ń sunkún.
Lẹ́tà ń ya wọlé: àgbẹ̀ tí báǹkì gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ rẹ̀,
opó tí owó ajagunfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ kò dé,
ọmọdé kan tó fẹ́ mọ̀ bóyá ààrẹ ń jẹ kárọ́ọ̀tì.
Ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá gbogbo wọn lóhùn.
Èmi ni mò ń lẹ sítáǹbù. Ahọ́n mi gbẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́rin, lórí kànga.
Ẹni mẹ́ta gbọ́ ọ. Ọ̀kan ń sùn.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dáàmù odò Kettle dé.
Àwọn olówó ìlú rẹ̀ ní kó wí bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ti lọ síbẹ̀ rí, ó ti jókòó
nínú ilé ìdáná Orpha Sietsema,
ó ti rí ibojì ọmọ mẹ́ta lójú fèrèsé.
Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó ní: “Rárá.”

Kí lẹ rò? Òfin náà kọjá.
Omi bo ibojì, ìbò bo Beckstrom.

Ó padà sílé, ó bọ́ bàtà dídán,
ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà ẹlẹ́bọ́tọ.
Ohun ẹni ní í bá ni mu rẹ́múrẹ́mú.
Lọ́jọ́ kẹta, tẹlifóònù dún lóru:
màlúù Clem Rasker ń rọbí.
Rasker kan náà tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀;
òun ti wà ní Wáṣíńtìnì nígbà yẹn,
ìyàwó rẹ̀ ló gbé fìtílà dání.
Beckstrom ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.
Màlúù kì í béèrè ẹni tí èèyàn dìbò fún.

Sítáǹbù méje ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ mi.
Wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ mi di òní.
Mi ò tíì rí lẹ́tà tó yẹ wọ́n.