Mọ́tò Funfun Bàbá Bonifáàsì

Orin náà wọ fóònù mi lóru Ọjọ́ Àìkú,
ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú àáyá,
ohùn Wòrú, ọmọ ìyá tó ń ṣa kajú,
ó ń pe ẹnì kan tí kò dárúkọ.
Mùsíọ̀ Húnsù fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé e láti Kùtọnu:
"Kọ àbá. Má náwó."

Mo pa iná, mo gbọ́ ọ nígbà mọ́kànlá.
Ìgbà kejìlá ni mo tó rí i:
kì í ṣe ọmọge ló ń pè. Rélùwéè ni.
Ibùdókọ̀ ojú irin wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí koríko ti gba àárín irin,
àga onígi kan, obìnrin kan tó wọ bàtà ọdún,
ó ń retí ọkọ̀ tí kò wá mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń wọ súkúù,
àwọn òkè lẹ́yìn rẹ̀ bí àgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò fèsì.
Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ. Mo ya àwòrán bàtà náà.

Mùsíọ̀ ní, "Ó dára. Ó dára gan-an ni.
Mọ́tò dà?"

Mo ní kò sí mọ́tò. Rélùwéè ni, kò sì wá.
Ó ní ará Kùtọnu kì í fi owó dátà wo ohun tí kò wá,
ohun tó dé ni wọ́n ń wò:
mọ́tò funfun, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ọmọge mẹ́fà.
A jọ fà á títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọmọge mẹ́fà di méjì,
adágún di odò Òkpáràá tí a ó máa wò lókèèrè,
owó náà ń bá wọn sọ̀ kalẹ̀:
ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó séfà, ọ̀ọ́dúnrún,
nígbà tó máa dé ọwọ́ mi, ó ku ọgọ́sàn-án.
Mọ́tò nìkan ni kò kúrò.
Ó jókòó sáàárín àbá mi bí àlejò tó ti bọ́ bàtà.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo yá àáké yìí ni.

Bàbá Bonifáàsì ní Mẹ̀sídíìsì funfun kan.
Gbogbo Sátidé ló ń fọ̀ ọ́.
Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bá owó súkúù àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ.
Ó ní òun ò gbowó,
àfi kí òun jókòó lẹ́yìn.

Ọmọkùnrin mẹ́jọ ló tì í,
wọ́n tẹ̀rí ba kí kámẹ́rà má baà rí irun wọn.
Wòrú jẹ Ṣàbí lówó; Ṣàbí ń tì, ó ń ka gbèsè.
Bíyọ́ gbé kámẹ́rà sáyà lórí kẹ̀kẹ́ tí a yá ní ọsibítù.
A mú orin sáré ní ìlọ́po méjì,
Wòrú ń kọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé,
kó lè rọra lọ tó bá dé ojú fóònù.

Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Ó wọ bàtà ọdún,
wọ́n ti sọ fún un pé kámẹ́rà wà.
Ó jókòó sórí àga onígi, ó ń dúró dè wá.
Bíyọ́ wò mí. Mi ò sọ nǹkan kan.
Kò pa kámẹ́rà.

Ìṣẹ́jú àáyá méje ni.
Mùsíọ̀ ní, "Ta lobìnrin yìí?"
Mo ní, "Ó ń dúró de mọ́tò."
Ó ní, "Ẹn ẹ́n. Fi í sílẹ̀."

Bí ẹ bá wò ó, mọ́tò ń lọ geere, eruku ń gbé e.
Ẹ ò ní rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn,
tí a tì í padà gun òkè láìsí orin,
èmi náà wà lára àwọn tó ń tì.
Bàbá Bonifáàsì ṣì wà lẹ́yìn, kò sọ̀ kalẹ̀,
ó na ọwọ́ jáde ní fèrèsé,
ó ń kí àwọn aládùúgbò.