Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èmi ni mo máa ń gbé nọ́ọ̀sì láti Moníyà
lọ sí abà Ògúnjìnmí, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ọdún méjì ó lé oṣù mẹ́ta.
Àpótí funfun á wà láàárín èmi àti ẹ̀,
á ní, "Mùtíù, rọra o, ìgò wà nínú ẹ̀."
Mo mọ kòtò ọ̀nà yẹn bí ahọ́n ṣe mọ eyín.

Tí a bá ti yọ lórí òkè báyìí,
Ìyá Ràfátù ti gbọ́ ọ̀kadà mi.
Kí a tó dé ìsàlẹ̀, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó ti na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí,
ẹsẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà ti jẹ ìka méjì níbẹ̀,
ó ti tú aṣọ tó fi wé e.
"Ẹ pẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ mi ni yóò máa dúró dè yín?"
Lẹ́yìn náà á bù ẹ̀pà fún mi.

Káàdì adójútòfò rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú ọ̀rá.
Nínú àwòrán orí ẹ̀, ó fajú ro
bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìwòsàn:
ìjọba ti gé owó ètò náà,
nọ́ọ̀sì ò ní í lọ sí ilé ẹnikẹ́ni mọ́,
kí àgbàlagbà tó bá fẹ́ ìtọ́jú máa wá.
Kó máa wá.
Ẹsẹ̀ wo ni yóò gbé e wá?

Wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Fadérera lọ sí Ẹlẹ́yẹlé.
Òkété dàgbà tán, ó fẹ́ mu ọmú ọmọ rẹ̀,
ọmú ọmọ ti gbẹ ní Ṣágámù:
Ràfátù ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá rí i.
Sẹ̀míù ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ló ń fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà,
tó ń dijú.

Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, apẹ̀rẹ̀ ata ni mo gbé.
Ó ti na ẹsẹ̀. "Nọ́ọ̀sì dà?"
Mo ní ó ń bọ̀.
Ìṣẹ́gun kejì, mo tún ní ó ń bọ̀.
Ó wò mí títí. "Ọkọ mi san owó orí
títí wọ́n fi gbé e sí kòtò. Ta ló ń jẹ ẹ́?"
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ò mọ egbò.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè,
mo jẹ́ kí ọ̀kadà máa yí lọ fúnra rẹ̀
lórí iyanrìn, jẹ́jẹ́, bí olè.
Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán.
"Mùtíù," ohùn kan pè mí láti inú yàrá,
"ṣé ọ̀kadà ẹ ti bàjẹ́ ni?"