Ìtàn Ẹgbẹ́, Ojú Ewé Kan Péré

Wọ́n ní ká kọ ìtàn ẹgbẹ́ sínú fọ́ọ̀mù,
kó má ju ojú ewé kan lọ.
Ọjọ́ ìdásílẹ̀: ẹ kọ ọ́ síbí.
Ẹni tó dá a sílẹ̀: ẹ kọ ọ́ síbí.
Èmi Bọ́lárìnwá akọ̀wé mú gègé,
mo wo àlàfo kékeré náà títí.

Ṣé kí n kọ ọ́ pé tábìlì paraga la fi bẹ̀rẹ̀?
Tábìlì Ìyá Múnírá, ní gáréèjì Ajàṣẹ́,
níbi tí ọ̀nà Ọ̀ffà ti ń kẹ̀yìn sí ọ̀nà Òmù-Àrán.
Ìgò méje ló ń tò: ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ẹ̀yìn ríro,
ti “má sùn lọ́nà”, tí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn jù.
Kí aago mẹ́fà tó lù, wọ́n ti dà á sọ́fun,
wọ́n ti nu ẹnu, wọ́n ti ṣíná ọkọ̀.

Ráúfù mu ife méjì lọ́jọ́ Jímọ̀ kan.
Ó san owó ọ̀kan, ó ní tóun bá dé òun á san èkejì.
Afárá Òṣìn ò jẹ́ kó dé.
Èrò mẹ́rìnlá bá a lọ,
ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Múnírá, kọ́ńdọ́ rẹ̀, wà nínú wọn.

Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún.
Wọ́n ní kádàrá ni,
wọ́n tún na ife sí i.

Lẹ́yìn fìdáù, ó gbé tábìlì jáde,
ìgò méje náà ló tò,
ògì lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló wà nínú wọn.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Awakọ̀ kan da tiẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.
Ó bu òmíràn fún un.

Ẹni kìíní tó jókòó ni Gàníyù afúntáyà.
Ẹni kejì, Páítọ̀ Ọlátẹ́jú, tó ń mu tiẹ̀ ní kọ̀rọ̀.
Ẹni kẹta ni èmi.
Fọ́ọ̀mù ò béèrè ìyẹn.
Kò béèrè iye tírámádọ̀ tí mo ń gbé mì kí n tó lè ru àpò ìrẹsì,
tàbí òru tí mo ń gbọ̀n, tí mo ń bú obìnrin tó dì mí mú,
tó ń sọ pé, “Bú mi sí i. Ilẹ̀ á mọ́.”
Ibẹ̀ la ti mú orúkọ wa.

Iye ẹni tí ẹ ti ràn lọ́wọ́:
igba ó lé mẹ́ta ni ìwé wí.
Gàníyù padà sídìí ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la tún orúkọ rẹ̀ kọ.
Àwọn ọmọ kodíìnì dé nígbà tí a rò pé a ti mọ iṣẹ́:
wọn kì í rùn, ìyá wọn ní oorun lásán ló ń kùn wọ́n.
Méjì sùn, wọn ò jí.
A ò fi gègé pa orúkọ wọn rẹ́.

Ìyá Múnírá ti lọ. Ẹfun tó fi kọ gbèsè Ráúfù
ṣì wà lára ògiri: ife kan.
Ọ̀dà tuntun dé, a kùn ún yí ibẹ̀ ká.
Ọjọ́ ìdásílẹ̀:
ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo kọ.