Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́tàdínlógójì

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógójì ló so mọ́ bẹ́líìtì mi.
Èmi ni mò ń ṣí yunifásítì aládàáni yìí láàárọ̀,
èmi náà ni mò ń tì í lálẹ́,
ní Kárímò, l'Ábùjá, níbi tí ọyẹ́ ti ń kun fèrèsé ní àtíkè.

Kọ́kọ́rọ́ tó tóbi jù, ti ilé ìwádìí ni.
Jẹnẹrétọ̀ kì í sùn níbẹ̀;
fíríìjì wọn tutù ju òwúrọ̀ Jọ́ọ̀sì lọ.
Wọ́n ń wo ẹ̀fọn lábẹ́ awò, wọ́n ń ka iṣan ìyẹ́ rẹ̀,
wọ́n ń wá ojú ọ̀nà tí ibà ń gbà wọlé.
Gíláàsì ni ògiri wọn.
Mo máa ń rí ewú orí mi nínú rẹ̀ bí mo bá ń kọjá.

Kọ́kọ́rọ́ kékeré, èyí tó ti dógùn-ún,
ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Gbogbo ni, lẹ́yìn, lábẹ́ igi máńgòrò:
yàrá mẹ́fà, fáànù mẹ́rin, méjì ló ń yí.
Ìtàn, èdè, ìṣirò, ìràwọ̀, ìrònú,
gbogbo wọn há mọ́ra bí ọmọ ìyá lórí ẹní kan.
Bàbá ọlọ́mọ kan bi mí lẹ́nu géètì:
"Mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún! Kí lọmọ mi fẹ́ fi ìrònú ṣe?"
Mo ní, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́tò yín sẹ́yìn."

Lọ́jọ́ kan Dókítà Gwarzo kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.
Wọ́n bá ìyá Gbàgyí kan pàdé, ó gbé igi ìdáná lé èjìká.
Ìbídàpọ̀, ọmọ ilé gíláàsì tó yà wá kọ́ ìtàn,
ló béèrè pé, "Ìyá, èéṣe tí ẹ ò fi gbé e rù?"
Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Háúsá. Wọ́n túmọ̀ èsì padà:
"Orí ni ọba. Ta ní í gbé ẹrù lé ọba?"
Ìyá nawọ́ sí ilé ìwádìí.
"Ibẹ̀ yẹn, oko iṣu bàbá mi ni."

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bírò dúró.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí n tó dé ibẹ̀ láti tilẹ̀kùn.
Ẹnì kan ti fi ìka kọ ọ́ sínú eruku, lára gíláàsì:
OKO TA NI?
Àkísà wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń sanwó fún mi kí ògiri lè mọ́.

N ò nù ún.
Kí ọyẹ́ tó gbé eruku wá nù ún fúnra rẹ̀,
bó bá lè ṣe é.