Orin Ìkòkò Ìrẹsì

Èmi ni mo ń tan iná fún Isogai
ní gbọ̀ngàn kékeré lókè ilé ẹlẹ́ja díndín,
ní Moji, níbi tí òkun ti há bí ọ̀nà ọ̀fun.
Èèyàn mọ́kànlá ló wá lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo kà wọ́n. Ẹnì kan ń sùn,
ẹnì kan sì ni ìyàwó ẹni tó ń sùn,
tó ń gún un nígbòǹwọ́ kó má baà hanrun.

Isogai wọ kóòtù dídán tó yá lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀.
Apá kóòtù kúrú.
Ó dijú, ó nawọ́ síwájú bí àwọn olórin àtijọ́
tó ń sunkún olólùfẹ́ tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ;
àfi pé olólùfẹ́ tirẹ̀, ìkòkò ìrẹsì oníná ni.
“O ò gbóná mọ́,” ló ń kọ,
“ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ jẹun,
lónìí mo tẹ̀ ọ́ nídodo, o ò dá mi lóhùn.”
Ló bá ké bí ìkòkò tó jinná: pii, pii, pìì,
ó sì dojú bolẹ̀ gbì.
A rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sùn ta jí,
ó ní kí ló dé, ṣé ilẹ̀ ló mì ni.

Kanoko, ọmọ ẹlẹ́ja, ló fi fóònù ká a sílẹ̀,
ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí.
Ẹyin lohùn, mo mọ̀;
ṣùgbọ́n èyí balẹ̀, kò fọ́,
ó ń yí, ó ń yí, ó yí kọjá odi ìlú.
Kó tó di ọjọ́ kẹrin,
àwọn ọmọléèwé ní Perú ti ń wọ kóòtù bàbá wọn;
agbábọ́ọ̀lù kan ní Tọ́kì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n,
ó ké pii, pii, pìì, ó dojú bolẹ̀;
ọkùnrin kan ní Kánádà fín “o ò gbóná mọ́” sápá,
wọ́n ti sọ fún un pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni
“mi ò ní gbàgbé rẹ láéláé.”

Isogai kò ra bàtà tuntun.
Ó jókòó sórí àpótí ẹja, ó ń bi mí:
“Kí ni wọ́n ń gbọ́ gan-an?
Ará ilé mi tó gbédè, mo máa ń ṣàlàyé fún wọn ni.”

Lẹ́tà kan wá dé láti etíkun kan ní Ṣílè.
Eduvigis lorúkọ obìnrin tó kọ ọ́.
Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ jáde lọ pẹja, kò padà.
Wọn ò rí òkú sin,
wọ́n dúró létí omi, wọ́n fi orin yẹn dágbére fún un.
A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ló wí.
Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú fún yín?

Ó pẹ́ kí Isogai tó sọ̀rọ̀.
Ìyá òun ló ni ìkòkò náà.
Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, nínú oṣù Èrèlè,
ìrẹsì tó sè ṣì wà nínú rẹ̀,
ó ti gan, ó le bí òkúta,
òun ò sì tíì lè dà á nù.
Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń tan iná sí i lójú.
Mi ò rí i.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.
Wọn ò sọ fún wa pé ẹ̀rín náà lẹ́sẹ̀,
pé ó lè rìn dé ìlú tí wọn ò ti gbédè rẹ̀,
kó bọ́ kóòtù sílẹ̀ níbẹ̀,
kó di ẹkún padà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Isogai fi fèsì: Ìyá mi ni.

Lálẹ́ òní gbọ̀ngàn kún dé àtẹ̀gùn.
Wọ́n ń pariwo pii, pii, kó tiẹ̀ tó yọjú.
Nígbà tó dé “o ò dá mi lóhùn,”
mo dín iná kù díẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí nídìí.
Ẹni tó ń sùn ọjọ́sí wà níbẹ̀.
Tíkẹ́ẹ̀tì iwájú ló rà.
Ó ti sùn.